Ìlẹ̀kùn Inú Ọkàn Ẹja

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Ẹ kú ojú omi, ẹ kú afẹ́fẹ́ òkun. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Kánádà níbí. Mo kí Bàbá mi tàwọ̀n-tàwọ̀n, mo kí Àǹtí Mojísọ́lá ní Òde Ugbò, mo kí tọmọdé tàgbà ilé wa. Inú ìwé ìròyìn ni mo ní kí wọ́n gbé lẹ́tà yìí sí, nítorí láti ìgbà tí nẹ́tíwọ̀kì ti bàjẹ́ ní Abereke, fóònù yín kì í wọlé mọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ń wọkọ̀ ojú omi lọ síbẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ bá mi kà á sí ìyá mi létí. Ọ̀rọ̀ ayọ̀ ni.

Màmá, mo yege.

Nígbà tí a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, ẹ bi mí pé kí ni mò ń kọ́ gan-an. Ẹ ní àwọn obìnrin tí ẹ jọ ń yan ẹja ń bi yín, ẹ sì ti sọ fún wọn pé nọ́ọ̀sì ni mo fẹ́ ṣe. Ẹ ní ẹ kò lè sọ fún wọn pé ẹja ni mò ń wò, torí wọn á ní ṣé ẹja ti tán ní Abereke ni mo fi lọ wò ó lókè òkun. Ẹ̀rín pa mí, ṣùgbọ́n ìlà já kí n tó dá yín lóhùn.

Ẹja tí mò ń wò kò tó ohun tí èèyàn ń yan. Ẹyin rẹ̀ mọ́ gaara bíi gíláàsì, tí mo bá gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, mo ń rí ọmọ tó ń dàgbà nínú rẹ̀ láìfọ́ ọ. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí ọkàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo gbàgbé láti mí. Ó dákẹ́ jẹ́ẹ́ tẹ́lẹ̀. Ó wá gbọ̀n díẹ̀, ó dúró, ó tún gbọ̀n, kò sì dúró mọ́. N kò mọ ìgbà tí omi bọ́ lójú mi.

Inú ọkàn yẹn, bíi tèmi àti tiyín, ni ìlẹ̀kùn pẹlẹbẹ kan wà tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tó ti kọjá padà sẹ́yìn. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni ohun tó ń sọ fún ara ibi tí yóò kọ́ ìlẹ̀kùn náà sí. Bàọ́lọ́jì nìkan kò lè dáhùn rẹ̀. Àfi kí èèyàn tún mọ físíìsì, bí nǹkan ṣe ń ti nǹkan, bí omi ṣe ń ṣàn. Ibẹ̀ ni wàhálà mi ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn onífísíìsì ń pè mí ní ọmọ bàọ́lọ́jì, àwọn oníbàọ́lọ́jì ní ìṣirò ti gbà mí lọ.

Òtútù tún dá kún un. Oòrùn ti ń wọ̀ kí n tó jáde níbi iṣẹ́. Owó tí ilé ẹ̀kọ́ ń fún mi tó jẹun, ó tó gbalé, nítorí náà ẹ má ta ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ nítorí mi. Àmọ́ kò sí ẹni tí mo lè bá sọ èdè wa. Nígbà tí mo gbọ́ pé òkun ti gbé ilé ìdáná wa lọ, mo di ẹrù mi. Ẹ̀yin lẹ ní kí n tú u, pé bí mo bá wálé, ṣé ẹ̀yìn mi ni n ó fi dá òkun dúró? Mo tú u.

Ọmọ ilẹ̀ Íńdíà kan tó ń jẹ́ Anjali ló gbà mí là. Ọ̀gá kan náà ló ń darí wa. Ó mọ ìṣirò bí ẹni mọ orúkọ ara rẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá rí ẹ̀jẹ̀, òyì a máa kọ́ ọ. Mo ní kó kọ́ mi ní ìṣirò, n ó máa bá a tọ́jú ẹja. Bẹ́ẹ̀ la ṣe di ọ̀rẹ́.

Ìdánwò ẹnu wá dé. Ẹni tó bá fìdí rẹmi níbẹ̀, wọ́n á ní kó máa lọ sílé. Àgbà onífísíìsì kan tí kì í rẹ́rìn-ín, ọ̀kan nínú àwọn tó ń dán mi wò, bi mí pé kí ló dé tí ìṣirò mi kò bá ohun tí mo rí lára ẹja mu. Òótọ́ ni, kò bá a mu. Èmi àti Anjali ti ṣe é títí ó sú wa. Mo gbé fídíò ọkàn náà sójú ògiri kí n lè ráyè ronú, mo sì ń wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń rìn. Ni mo bá rí i. Nínú ìṣirò wa, a ti kà á sí omi ẹ̀rọ tó ń ṣàn síwájú nìkan. Ẹ̀jẹ̀ yẹn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń lọ, ó tún ń padà díẹ̀, bí odò ẹ̀yìn ilé wa ṣe ń ṣe nígbà tí òkun bá ń kún tó sì tún ń fà. Ibi tí lílọ bíbọ̀ yẹn ti pọ̀ jù ni ìlẹ̀kùn ti ń yọ.

Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Mo tún ní, nígbà tí mo fi oògùn dá ọkàn ẹja kan dúró ní yàrá iṣẹ́ wa, ìlẹ̀kùn kò yọ. Nígbà tí mo fọ oògùn kúrò tí ẹ̀jẹ̀ tún ń lọ tó ń bọ̀, ó yọ. Ẹ má bẹ̀rù, ẹja náà kò kú. Ó kéré débi pé ó ń rí afẹ́fẹ́ gbà láti ara omi láìsí iṣẹ́ ọkàn fún ìgbà díẹ̀. Àgbà onífísíìsì yẹn dìde, ó gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ mi, ó fi ohun tí mo sọ tún ìṣirò náà ṣe. Ó bá a mu. Ó wò ó títí, ó wá bi mí bóyá òun lè wá sí yàrá iṣẹ́ wa lọ́la kí n fi ẹja náà han òun.

Nígbà tí wọ́n sọ fún mi pé mo yege, mo jáde síta. Yìnyín ń bọ́. Mo pè yín, kò wọlé. Ayọ̀ náà ti pọ̀ jù fún mi láti dá gbé. Mo dúró lẹ́bàá ọ̀nà, mo sọ gbogbo rẹ̀ sókè ní èdè Ìlàjẹ, bí ẹni pé ẹ wà níwájú mi. Ìyá arúgbó kan tó ń kọjá dúró. Ó ní ohun tí mò ń sọ kò yé òun, ṣùgbọ́n ó jọ pé nǹkan rere ni. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó di ọwọ́ mi mú, ó sì dúró títí mo fi sọ̀rọ̀ tán.

Ọlọ́run á dá yín sí fún mi, Màmá. Ojú omi á rọ Bàbá mi lọ́rùn, àwọ̀n wọn kò ní gòkè lófìfo. Ilẹ̀ tí ẹ tẹ̀ kò ní yẹ̀ mọ́ yín lẹ́sẹ̀. Ẹ bá mi kí gbogbo ará àdúgbò, kí ẹ sì kí ẹni tó ka lẹ́tà yìí fún yín, Olúwa á san án fún un.

Èmi ni ọmọ yín,
Olúwabùsáyọ̀