Giramafóònù Oníná ti Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀

Ìtòrò,
Ìjẹ̀bú-Òde.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹta, 1986.

Albert, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo gbà pé òtútù Jọ́ọ̀sì kò tíì rí yín gbé ṣe, àti pé orúnkún tó ń dùn ọ́ ti fúyẹ́. Ara èmi àti Rachel ìyàwó mi le, a dúpẹ́. Ara ni mo sọ o, nítorí ọkàn mi kò gbádùn rárá. Ìlara ló ń jẹ mí, mi ò sì lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni nílùú yìí.

O mọ̀ pé láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, giramafóònù àtijọ́ ni mò ń wá kiri. O ti rí èyí tó ń pa dé bí àpótí aṣọ, o ti rí èyí tí ìwo idẹ rẹ̀ là bí òdòdó elégédé. Tẹ́lẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ rí irú rẹ̀, ilé Tíṣà Frederick ni wọ́n ń júwe fún un. Àfi bí Àbúdù Gbàdàmọ́sí, tó ń ta pátì mọ́tò, ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kó tirẹ̀ jọ. Ọmọ àná! Ó kun pálọ̀ rẹ̀, ó kan pẹpẹ mọ́ ògiri, ó tò wọ́n síbẹ̀ rẹrẹẹrẹ. Ilé rẹ̀ ni wọ́n ń júwe báyìí. Mo lọ wò ó lọ́jọ́ kan, mo sì yìn ín. Ẹnu mi nìkan ló yìn ín.

Lẹ́yìn Kérésìmesì ni mo gbọ́ pé opó kan wà ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, Ìyá Ràmọ́tà, tí ọkọ rẹ̀ fi giramafóònù kan sílẹ̀ tí kò ní ọwọ́ tí à ń yí. Iná ló ń gbé e ṣiṣẹ́! Àtùpà kékeré kan wà nínú ikùn rẹ̀. Bí ooru àtùpà náà bá ti mú irin, àgbá kẹ̀kẹ́ á máa yí, àwo orin á sì máa yí lórí. Inú ìwé nìkan ni mo ti ń rí irú rẹ̀. Mo lọ síbẹ̀, mo sì fọwọ́ kan igi rẹ̀. Mo bẹ ìyá náà pé kí ó tà á fún mi. Ó ní òun á bá àwọn ọmọ òun sọ ọ́.

Albert, ẹnu mi ló kó bá mi. Mo dé ṣọ́ọ̀bù Gbàdàmọ́sí, mo ní kí n fi han ọmọ yẹn pé àgbà wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Mo ròyìn ẹ̀rọ náà títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu mi. Ó kàn ń mi orí, ó ń sọ pé, “Háà, sà! Iná kẹ̀?” Kí n tó padà sí Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, ó ti rà á gbé lọ. Mo bi ìyá náà léèrè ohun tí mo ṣe. Ó ní, “Tíṣà, ẹ ò ṣẹ̀ mí. Ẹ̀yin béèrè ẹ̀rọ. Òun béèrè irú èèyàn tí ọkọ mi jẹ́. Ó sì ní ọjọ́kọ́jọ́ tí mo bá fẹ́ gbọ́ ọ, òun á wá fi mọ́tò gbé mi.” Mi ò lè jẹun tí mo délé, bẹ́ẹ̀ ìkọ́kọrẹ́ ni Rachel sè.

Ní Sátidé kan, Gbàdàmọ́sí pe gbogbo wa láti wá gbọ́ ọ. Mo sọ pé mi ò lọ. Èmi ni mo kọ́kọ́ débẹ̀. Ìyá Ràmọ́tà jókòó níwájú, ó we gèlè tuntun. Gbàdàmọ́sí ṣáná sí àtùpà náà. Èéfín dúdú rú jáde, àwo kò yí. Ó tún un ṣe, èéfín tún rú, àwọn èèyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Òórùn tó gba imú mi fi yé mi pé kẹrosíìnì ló rọ sínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sípírítì ni àtùpà náà ń mu. Mo dákẹ́. Mo káwọ́ gbera, inú mi ń dùn bí ẹni lá oyin. Rachel fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ṣe bí ẹni tí kò mọ̀.

Ìgbà náà ni ìyá náà dìde. Ó ní, “Ẹ má da ara yín láàmú mọ́. Òun náà ti bá olówó rẹ̀ lọ.” Ó ń wá bàtà rẹ̀ lábẹ́ àga, kò sì rí i, nítorí omi ti kún ojú rẹ̀.

Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo ní kí wọ́n ra sípírítì wá lọ́dọ̀ oníkẹ́mísììtì. Mo nu èéfín kúrò, mo pààrọ̀ òwú àtùpà, mo tan iná. Nígbà tí irin gbóná, mo fi ìka ti àgbá kẹ̀kẹ́ díẹ̀. Ó yí! Ohùn obìnrin kan jáde nínú ìwo, tín-ín-rín, bí ẹni ń kọrin ní òdìkejì odò. Ìyá Ràmọ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í bá a kọ ọ́, kò sì gbàgbé ọ̀rọ̀ kan.

Ǹjẹ́ o mọ ẹni tí wọ́n kí? “Àbúdù, o kú oríire! Àbúdù, o ṣe é o!” Ẹnìkan ṣoṣo tó kí mi ni Gbàdàmọ́sí fúnra rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní, “Ẹ ṣeun, sà.” Ìyẹn tún wá dùn mí jù, torí n kò wá rí ohun tí màá fi bínú sí i.

Láti ìgbà náà, ìyá náà ní ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ tan iná náà, àfi èmi. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni a ń pàdé nílé Gbàdàmọ́sí báyìí. Bó bá ti di ọ̀sán Sátidé, màá búra pé mi ò lọ, màá sì wọ bàtà. Ẹ̀rọ á máa kọrin, wọ́n á máa kí onílé, èmi á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú àtùpà pẹ̀lú òógùn lójú. Ìlara náà kò lọ, Albert. Ṣùgbọ́n bí àgbá kẹ̀kẹ́ yẹn bá ti ń yí lábẹ́ ìka mi, ń ṣe ni mo máa ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má dúró.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ayọ̀ wọlé tọ̀ ọ́, kó má sì tètè jáde. Kí ojú rẹ má rí ìbànújẹ́ ọmọ. Kí ẹsẹ̀ wa tún jọ rìn ní Ìjẹ̀bú-Òde kí ọdún yìí tó parí.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré,
Frederick.

Àfikún: Mo gbọ́ pé àwọn òyìnbó tó ń wa kùsà ní Jọ́ọ̀sì máa ń fi ẹrù sílẹ̀ tí wọ́n bá ń lọ sílé. Bí o bá rí giramafóònù níbẹ̀, èmi ni kí o kọ̀wé sí. Gbàdàmọ́sí ti béèrè àdírẹ́sì rẹ lọ́wọ́ mi. Mo ní mo ti gbàgbé rẹ̀.