Ẹ̀hónú Lórí Aṣọ Pupa Tí A Fi Rọ́pò Èéfín Ẹ́ńjìnnì

Yàrá Ìdánwò Kejì,
Ilé Ìdánwò Atẹ́gùn.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta.

Alága Ìgbìmọ̀ Alábòójútó,
Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì,
Ilé kan náà.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀HÓNÚ LÓRÍ AṢỌ PUPA TÍ A FI RỌ́PÒ ÈÉFÍN Ẹ́ŃJÌNNÌ

1. Ọdún mọ́kànlá rèé tí mo ti ń bójú tó èéfín níbí. Bí a bá gbé ọkọ̀ òfurufú kékeré tí a fi ń dánwò sínú ihò tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ lù ú, èmi ni mo máa ń fi páìpù tú afẹ́fẹ́ alágbára jáde ní ìdí rẹ̀, kí ó lè ṣe bí èéfín ẹ́ńjìnnì gidi. Láìsí i, a kò lè mọ bí ìrù ọkọ̀ yóò ṣe dúró sí lójú òfurufú.

2. Lọ́jọ́ tí àwọn àlejò yín wá, Ọ̀gá Àgbà ní kí n pa afẹ́fẹ́ náà, pé ariwo rẹ̀ ń dí ọ̀rọ̀ ìkíni káàbọ̀ lọ́wọ́, àti pé kò tilẹ̀ sẹ́ni tó ń rí i. Akọ̀wé wọn bá gé aṣọ pupa lára kọ́tìnì ọ́fíìsì, ó so ó mọ́ ìdí ọkọ̀ kékeré náà. Atẹ́gùn fẹ́, aṣọ ń jó fẹ̀lẹ̀fẹ̀lẹ̀, àwọn àlejò pàtẹ́wọ́. Ẹ̀yin fúnra yín sọ pé lọ́dún yìí, iná ẹ́ńjìnnì náà hàn dáadáa.

Èmi náà pàtẹ́wọ́. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́.

3. Mo rò pé eré ni. Àṣé ẹ̀rọ ìwọ̀n wà ní títàn. Bí kọ́tìnì ṣe fa ìdí ọkọ̀ ni wọ́n kọ sínú ìwé àbájáde. Ẹ fọwọ́ sí i, wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń kan ọkọ̀ gidi. Nígbà tí mo lọ ṣàlàyé, Ọ̀gá Àgbà ní ìwé tí Alága ti fọwọ́ sí kì í ní àṣìṣe nínú. Wọ́n fún mi ní ìwé ìbáwí, pé mi ò fẹ́ ìlọsíwájú. Aṣọ sátíìnì ni wọ́n ń so mọ́ ìdí ọkọ̀ kékeré náà báyìí.

4. Ẹni tí yóò kọ́kọ́ fi ọkọ̀ gidi náà fò lóṣù tó ń bọ̀, àbúrò mi obìnrin ni, ọmọ ìyá mi. Ó ti bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá ìrù ọkọ̀ náà dára. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an.

5. Mo bẹ̀ yín, ẹ gba ìwé àbájáde náà padà, kí ẹ sì fún mi ní ọjọ́ méjì péré láti tú èéfín gidi. Bí Ìgbìmọ̀ bá ṣì gbà pé aṣọ ti tó, ìjókòó méjì ni ọkọ̀ náà ní, ìkejì sì ṣófo. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìwọ̀n ìbàdí yín ránṣẹ́ sí mi, kí wọ́n lè tún bẹ́líìtì ibẹ̀ ṣe láti fi dè yín.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á.

Èmi ni tiyín, tó ń retí èsì kíákíá,
Alábòójútó Èéfín,
ẹ̀gbọ́n awakọ̀ náà.