Ẹja Díndín Lọ́sàn-án Ààwẹ̀

Múíbátù àbúrò mi,

Bá mi kí ọkọ rẹ àtàwọn ọmọ ní Kánádà. Orúnkún Màmá ti fúyẹ́, wọ́n ti ń dá lọ sọ́jà Ìjẹ̀dẹ́.

Kókó ọmú mi kì í ṣe jẹjẹrẹ o! Alihamudulilahi! Ṣùgbọ́n dókítà bi mí nípa oògùn tá a jọ máa ń lò kí nǹkan oṣù má baà já ààwẹ̀ wa. Ó ní oògùn náà lè da họ́mọ̀nù ara rú, bí họ́mọ̀nù ò bá sì dọ́gba, ó ṣeé ṣe kó lọ́wọ́ sí jẹjẹrẹ ọmú. Kò ní oògùn yẹn ló fa kókó mi, àmọ́ ká má dá a lò mọ́. Jọ̀ọ́, lọ ṣàyẹ̀wò tìẹ.

Nǹkan oṣù mi dé lánàá. Màmá tó ń gbààwẹ̀ ló dín ẹja Ẹ̀pẹ́ fún mi lọ́sàn-án gangan: “Jẹun jàre, Ọlọ́run ló ní kó o sinmi.”

Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ wa.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Ṣẹ̀rífátù