Sí Sufyan, Lórí Ọ̀rọ̀ Bẹ́ẹ̀dì Kékeré

Budó Àràbà,
lẹ́bàá Màlété.
Ọjọ́ Àlàmísì, lẹ́yìn ìrun Àsárì.

Sufyan Àyìnlá, ọmọ mi,

Asàlámù aleekun. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ìyàwó wa Raudah wà dáadáa? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ṣé ọ̀gá yín kò bínú mọ́? Bí o bá bi mí léèrè tèmi, mo ní alihamdulilahi, orúnkún ń dùn mí, ojú kò ríran, eyín kan tún ń mì, ṣùgbọ́n àlàáfíà ni mo wà. Ọlọ́hun kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ gba ọ̀nà tí kò dára, kò ní jẹ́ kí wọ́n dá ọ dúró níbi iṣẹ́, ibi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ bá ti jókòó, wọn kò ní ní kí ìwọ dìde. Ṣe àmín kí o tó máa kà á lọ, mo ń dúró.

Mo ní kí n kọ̀wé sí ọ dípò kí n pè ọ́, nítorí pé fóònù rẹ yìí ní làákàyè jù. Bí mo bá ń kí ọ, kò ní ṣe nǹkan kan, bí mo bá ń ṣàdúà, á máa gbọ́, ṣùgbọ́n bí mo bá ti ní Sufyan, ọ̀rọ̀ kan wà, ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni yóò kú. Ó ti tó ìgbà mẹ́rin. Bilkisu tí a jọ ń ṣe òrí tà ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Èmi kò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni náà fẹ́ràn rẹ gan-an ni. Ẹ̀kọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà tí Tíṣà Títílayọ̀ kọ́ wa nígbà tó ń ṣiṣẹ́ lábúlé níbí kò sì gbọdọ̀ ṣègbé, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́ fúnra mi, pẹ̀lú ojú kan tó kù. Bí ìlà bá wọ́, má bínú, ìwé ló wọ́.

Nílé, òjò ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ewúrẹ́ alámì yẹn bí mẹ́ta, ó sì na gbogbo ara rẹ̀ sílẹ̀ fún wọn láti mu ọmú, kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Wọ́n ti kun mọ́sálásí tán. Orúkọ rẹ wà lára ògiri, òun ló ga jù, nítorí pé owó tí o fi ránṣẹ́ pọ̀ ju ti gbogbo ènìyàn lọ. Gbogbo ayé ló ń sọ pé èmi Hàjàrá bímọ. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀.

Ó yá, kí n wá dé orí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀dì. O pè mí lóṣù tó kọjá pé ilé ìwòsàn ojú ti dá ọjọ́ tí wọ́n máa bá mi ká awọ funfun tó bo ojú ọ̀tún mi, àti pé lẹ́yìn rẹ̀, mo gbọ́dọ̀ wà nítòsí wọn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí n máa lọ fi ojú hàn wọ́n. O ní kí n máa bọ̀ nílé rẹ ní Fate, ní Ìlọrin. Inú mi dùn, mo fò, orúnkún dùn mí. O wá ní ẹ máa ra bẹ́ẹ̀dì kékeré fún mi nítorí pé tẹ́ńpọ́rárì ni. Mo bi Bilkisu pé kí ló ń jẹ́ tẹ́ńpọ́rárì, ó ní orúkọ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀dì náà ni, ó ní ọjà wọn máa ń lágbára. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ káàkiri àdúgbò nìyẹn, pé Tẹ́ńpọ́rárì ni ọmọ mi fẹ́ rà fún mi, àwọn ènìyàn sì ń kí mi kú oríire.

O fi àwòrán mẹ́ta ránṣẹ́ sínú fóònù Bilkisu pé kí n yan ọ̀kan. Ti àkọ́kọ́ ń ká bí agboòrùn. Mo ní ta ni yóò máa ká a, ṣé wọ́n á kọ́kọ́ jí mi ná? Èkejì jẹ́ àga tó jẹ́ pé bí ilẹ̀ bá ṣú, ó di bẹ́ẹ̀dì, bí ilẹ̀ bá mọ́, ó tún di àga. Èyí wù mí díẹ̀, àfi bí mo ṣe rò ó pé bí àlejò bá tètè dé tí mi ò tíì dìde, orí mi ni yóò jókòó lé. Ẹ̀kẹta ni èyí tí ìwọ fúnra rẹ ní ó dára jù, onírin, o sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ẹsẹ̀ mẹ́fà ni, pẹ̀lú ẹsẹ̀ méjì ààbọ̀. Mo gbé fóònù sún mọ́ ojú òsì, mo kà á, ẹsẹ̀ mẹ́rin ni mo rí. Bilkisu kà á, mẹ́rin náà lòun rí. Ọmọ mi, wọ́n fẹ́ rẹ́ ọ jẹ. Nínú ẹsẹ̀ mẹ́jọ ààbọ̀ tí o fẹ́ sanwó rẹ̀, mẹ́rin péré ni wọ́n kó wá. Ààbọ̀ ẹsẹ̀ yẹn ló tilẹ̀ ń bà mí lẹ́rù jù, kí ló ṣe tí wọ́n fi gé e?

Mo mú ọ̀rọ̀ náà tọ Gàní kápẹ́ńtà lọ. Gàní rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, ó ní ẹsẹ̀ tí wọ́n fi ń wọn nǹkan ni, kì í ṣe ẹsẹ̀ tí nǹkan fi ń dúró. Ó mú téèpù àti ṣọ́ọ̀kì, ó fa bẹ́ẹ̀dì náà sílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ní kí n dùbúlẹ̀ sí i wò. Mo dùbúlẹ̀. Mo na ọwọ́, ọwọ́ jáde. Mo yí padà lẹ́ẹ̀kan, mo ti wà nínú ìyẹ̀fun pákó. Mo yí lẹ́ẹ̀kejì, ibi ẹsẹ̀ Bilkisu ni mo bá ara mi. Gàní wá ń wo ìlà tó fà yẹn, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní ìgbà ìkẹyìn tí wọ́n ní kí òun kan nǹkan tó fẹ̀ báyìí, pákó tí a fi gbé ọkọ Bilkisu lọ sí itẹ́ òkú ni. Bilkisu ní kí ó má dárúkọ ọkọ òun sí i, pé ti ọkọ òun fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gàní kàn fi ẹsẹ̀ pa ìlà náà rẹ́ ni, ó ní kí n dìde níbẹ̀, Ọlọ́hun má jẹ̀ẹ́.

Lẹ́yìn èyí ni mo lọ kọ fọ́ọ̀mù ilé ìwòsàn tí o fi ránṣẹ́. Saeedah, nọ́ọ̀sì abúlé wa, ló bá mi kà á. Ó ní wọ́n ń bèèrè tẹ́ńpọ́rárì àdírẹ́sì. Mo ní wọn ò tíì gbé e dé. Ó ní rárá, pé tẹ́ńpọ́rárì ni ibi tí ènìyàn wà tí kò ní pẹ́ níbẹ̀, pámánẹ́ǹtì ni ibi tí ènìyàn máa wà tí kò ní kúrò mọ́. Ojú tì mí nítorí gbogbo kú oríire tí mo ti gbà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà rọrùn. Mo ní kí ó kọ Budó Àràbà sí ti tẹ́ńpọ́rárì, kí ó kọ Àlùjánnà sí ti pámánẹ́ǹtì, bí Ọlọ́hun bá gbà. Ó gbé bírò sílẹ̀. Ó ní ilé ìwòsàn kò lè fi lẹ́tà ránṣẹ́ síbẹ̀. Mo ní kí wọ́n má yọ ara wọn lẹ́nu, bí wọn ò bá ti ṣe ojú mi dáadáa, èmi náà ò ní lè ka lẹ́tà wọn.

Ọ̀rọ̀ tẹ́ńpọ́rárì yìí wá ń rìn nínú mi kiri. Nígbà tó di ọjọ́ Àtàláátà, n kò sọ fún ọ, mo wọ mọ́tò ní Màlété, mo gbé iṣu márùn-ún àti igbá òrí kan dání, mo sọ̀ ní Challenge, mo wọ kẹ̀kẹ́ dé Fate. O ti lọ síbi iṣẹ́, Raudah ló wà nílé. Sufyan, ìyàwó rẹ gbé mi mọ́ra, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó bá mi tú gèlè, ó fún mi lóúnjẹ. Mo ní kí ó fi ibi tí bẹ́ẹ̀dì mi máa wà hàn mí. Ó ń wo ilẹ̀. Ó wá mú mi lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó wà láàrin ilé ìdáná àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi imú kan ògiri kí n tó rí ìlà tí o fi bírò fà síbẹ̀. Mo ní ibẹ̀ dára, ẹni tó bá ń lọ jẹun á kí mi, ẹni tó bá ń lọ yà á dànù náà á kí mi, àárò kò ní sọ mí.

Mo wá bi í nípa àwọn yàrá yòókù. Ọ̀kan jẹ́ tiyín, ọ̀kan jẹ́ ti àwọn ọmọ. Nínú ẹ̀kẹta, ẹ̀rọ kan wà níbẹ̀ tí ó ní o máa ń sáré lórí rẹ̀. Mo ní níbo ló máa ń sáré dé? Ó ní kì í dé ibì kankan, ojú kan náà ló máa ń wà. Ọmọ mi, bí ẹnì kan bá ń lé ọ, sọ fún mi. Ẹ̀rọ náà na gbalaja, yàrá tiẹ̀ tún ní fèrèsé méjì. Inú ẹ̀kẹrin ni mo ti bá bẹ́ẹ̀dì tó fẹ̀ bí ojúde mọ́sálásí, wọ́n fi ọ̀rá wé e. Mo ní kí ló ṣe é? Raudah ní kò ṣe nǹkan kan, pé ti àlejò ni. Inú mi dùn, mo ní ó ti yé mi, èmi kì í ṣe àlejò nílé ọmọ mi. Ọmọbìnrin yẹn bú sẹ́kún. Ó ní láti ọjọ́ tí o ti sọ̀rọ̀ ojú mi lòun ti fẹ́ fa ọ̀rá náà ya, ṣùgbọ́n ìwọ lo ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, pé ọ̀gá yín láti Àbújá lè ní òun fẹ́ sùn ní Ìlọrin lọ́jọ́ kan. Mo ní ìgbà wo ló ti wá sùn rí? Ó ní ọdún mẹ́ta nìyí, kò tíì wá. Mo ní a jẹ́ pé òun ni pámánẹ́ǹtì.

Má bá a jà nítorí pé ó sọ fún mi. Ìgbà tó ń sunkún yẹn ni mo mọ̀ pé ìyàwó tí o fẹ́ dára jù ọ́ lọ.

N kò bínú o. Mo kàn ń rò ó nínú mọ́tò bí mo ṣe ń padà bọ̀ ni. Oṣù mẹ́sàn-án àti ọjọ́ mọ́kànlá ni ìwọ náà fi ṣe tẹ́ńpọ́rárì nínú mi. O ta ẹsẹ̀, o na ọwọ́, o yí padà bó ṣe wù ọ́. Ẹnikẹ́ni kò fi bírò fa ìlà fún ọ. N kò sì wá ikùn kékeré.

Ṣùgbọ́n kí n tó wọ mọ́tò yẹn, mo ya ọ̀dọ̀ Tíṣà Títílayọ̀. Ó ti fẹ̀yìn tì, kò padà sí Ọ̀mù-Àrán ìlú rẹ̀, yàrá kan ṣoṣo ló ń gbé ní Ìlọrin. Mo sọ ọ̀rọ̀ ojú fún un, n kò sọ ti bẹ́ẹ̀dì. Kò bi mí pé ọ̀sẹ̀ mélòó ni. Ó kó ìwé kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó sún mọ́ ògiri, ó ní kí n wá dùbúlẹ̀ ká wò ó bóyá ó máa gbà wá. Bẹ́ẹ̀dì náà kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti inú àwòrán rẹ lọ. Àwa arúgbó méjì dùbúlẹ̀ sí i, ó gbà wá. Ó ní òun máa ń hanrun o. Mo ní èmi máa ń jí kírun Àsùbá. Ó ní kò burú, pé bí òun bá ti ń hanrun lọ́wọ́, n kò ní sùn kọjá àkókò. Saeedah ti bá mi fi ojúlé Tíṣà sínú fọ́ọ̀mù. Nítorí náà, mo ti yan bẹ́ẹ̀dì kékeré bí o ṣe ní kí n ṣe. Èmi kì í ṣe olórí kunkun.

Owó bẹ́ẹ̀dì tí o ti pèsè sílẹ̀, fi ránṣẹ́ sí mi, kí ó pé o, n ó fi ra gáàsì sílé Tíṣà, n ó fi ra dígí dúdú tí wọ́n ní kí n máa lò, Bilkisu á sì fi èyí tó kù wọkọ̀ wá wò mí. Má fi sí báǹkì. Èyí tí o fi síbẹ̀ nígbà ìtúnu ààwẹ̀, wọ́n yọ nínú rẹ̀, mo lọ bá wọn, wọ́n ní owó iṣẹ́ tí wọ́n jẹ́ fún mi ni. Mo ní iṣẹ́ wo? Wọ́n ní iṣẹ́ tí wọ́n fi sọ fún mi pé àwọn ti yọ owó. Fún awakọ̀ Màlété kí ó bá mi mú un bọ̀, olè tirẹ̀ mọ níwọ̀n.

Ọlọ́hun á fi àlùbáríkà sí ọ̀nà rẹ. Wàá dàgbà, wàá darúgbó. Ọlọ́hun á jẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ tọ́jú rẹ ju bí o ṣe ń tọ́jú mi lọ. Àdúà tó ti ọkàn mi wá ni.

Àlàrùbá tó ń bọ̀ ni iṣẹ́ abẹ náà, ọjọ́ kejì rẹ̀ ni wọ́n máa tú ohun tí wọ́n bá fi di ojú mi. Kí o wà níbẹ̀. Mo ti sọ fún Tíṣà pé kí ó sún sẹ́yìn díẹ̀, kí ó lè jẹ́ ìwọ ni n ó kọ́kọ́ rí. Ohun tó bá sún mọ́ mi dáadáa nìkan ni ojú òsì yìí ń rí, ìwọ kì í sì í sún mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí mo rí ọ kedere kẹ́yìn, ojú bàbá rẹ ni o ní. Mo fẹ́ wò ó bóyá ó ṣì wà lára rẹ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Hàjàrá.