Ẹ̀kọ́ tí Ẹṣin Bàbá Gbọ́dọ̀ Kọ́ Kí Ó Tó Gbé Wọn Dé Mápó

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ kú ojú lọ́nà wa.

Bàbá mi, Àlàájì, ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ fún, ẹ̀yin tí agboolé wa panu pọ̀ yàn láti jẹ Mógàjí, àgbà tí ń sọ̀rọ̀ tí ìjà ń parí. Màmá mi, mo kí yín, ẹ̀yin tí ẹ kì í jẹ́ kí àlejò jáde láìmu omi. Ẹ̀yin àgbà ilé àti ẹ̀yin ìyàwó ilé, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ̀yin ará Ìbàdàn tí ẹ ní ẹṣin ní agboolé tiyín, nítorí yín ni mo ṣe fi lẹ́tà yìí síta; ẹ jókòó, ọ̀rọ̀ náà kàn yín. Ràímì, àbúrò mi, ìwọ ni mo kí kẹ́yìn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Àlàáfíà ni mo wà ní Ailándì níbí, Alhamdulillah. Òtútù ibí kì í ṣe ẹgbẹ́ ọyẹ́ wa rárá. Owó iṣẹ́ mọ níwọ̀n, ó sì ń tó mi jẹun. Àárín pápá ni ilé ẹṣin tí mo ti ń ṣiṣẹ́ wà. Àyàfi bí mo bá pè yín ni mo ń gbọ́ Yorùbá. Àwọn ẹṣin ni mo ń bá sọ ọ́. Mo máa ń kì wọ́n, wọ́n sì máa ń tẹ́tí bí ẹni tí ó gbọ́.

Ràímì ròyìn ẹṣin tí ẹ rà fún ọjọ́ ìwúyè fún mi lórí fóònù. Ó ní òun ń mú un lọ sí Mápó kí ojú rẹ̀ lè mọ ọ̀nà, ni ó bá gba okùn mọ́ òun lọ́wọ́ ní Ọjà'ba, ó ki ẹnu bọ agbọ̀n ìyá alágbàdo kan, ó sì fún ọlọ́kadà kan mọ́ ògiri. Ó ní ìyá alágbàdo bi òun pé nínú òun àti ẹṣin, ta ló ń mú ta wá sọ́jà. Mo rẹ́rìn-ín títí. Àfi ìgbà tí ó fi kún un pé ẹ ṣì ní ẹ óò gùn ún dandan, pé ẹni tí bàbá rẹ̀ gun ẹṣin lọ jẹ oyè kò gbọdọ̀ fi mọ́tò lọ jẹ ẹ́. Bàbá mi, orí àga ni orúnkún ń mú yín kírun. Bí ẹṣin yẹn bá gbé yín ṣubú ńkọ́?

Ọ̀gá mi níbí jẹ́ obìnrin àgbà tí mo ń pè ní Màmá Ẹlẹ́ṣin. Wọ́n ní ẹṣin tí kò bá gbọ́ ti ẹni tí ó dúró tì í kò ní gbọ́ ti ẹni tí ó jókòó lé e lẹ́yìn. Àwọn àgbà wa ní ẹni gẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀. N kò rò ó rí pé ilẹ̀ náà ni ẹ̀kọ́ ẹṣin ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ ọ̀hún jọ ẹ̀kọ́ ilé tiwa débi pé ó yà mí lẹ́nu. Ẹṣin kì í ṣíwájú ẹni tí ó mú okùn rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ èjìká rẹ̀ ni yóò ti máa rìn, bí ẹni náà bá dúró, òun náà a dúró. Kì í fi ara ti ènìyàn. Bí a bá fi ìka kàn án láyà, yóò fà sẹ́yìn. Yóò gbé ẹsẹ̀ sókè kí a lè wo pátákò rẹ̀, yóò tẹ orí ba fún ìjánu, yóò sì ní sùúrù lórí ìso. Kì í tú àpò ènìyàn wò. Ràímì, ibí yìí ni mo ti fẹ́ mọ̀: ta ló ń fi ọwọ́ fún un ní ìrèké? Ẹṣin tí a ń fi ọwọ́ bọ́, gbogbo ọwọ́ ló ń kà sí oúnjẹ. Inú ọpọ́n ni kí ẹ máa da á sí.

Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan wà tí Màmá Ẹlẹ́ṣin kò ronú kàn rí. Ìyá wọn, arúgbó tó níyì, wá kí wa ní òwúrọ̀ kan. Okùn ẹṣin tó gbọ́ràn jù ló wà lọ́wọ́ mi. Bí mo ti rí ìyá àgbà, ara mi kò bi mí léèrè, mo nà gbalaja! Ẹṣin fò sẹ́yìn, ó já okùn gbà, ó sì sá la pápá já. Ìyá àgbà rò pé àìsàn ló gbé mi lulẹ̀, wọ́n ń pariwo pé kí ẹnìkan pe dókítà. Nígbà tí mo ṣàlàyé, Màmá Ẹlẹ́ṣin rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n so ẹṣin mọ́lẹ̀ kí n tó máa ní ọ̀wọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí bóyá àwọn ẹṣin ìlú wa mọ ìdọ̀bálẹ̀. Bàbá mi, ènìyàn mélòó ni yóò nà síwájú ẹṣin yẹn lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ jẹ oyè?

A dán an wò. Màmá Ẹlẹ́ṣin mú okùn, mo dọ̀bálẹ̀ lókèèrè, ẹṣin fọn imú. Bí ó bá ti dúró jẹ́ẹ́, wọn a yìn ín, wọn a fi ọwọ́ pa á lọ́rùn, èmi a sì sún mọ́ ọn díẹ̀ sí i. Ó pẹ́ kí ó tó yé e. Nísinsìnyí, bí mo bá nà sí ẹsẹ̀ rẹ̀, yóò kàn tẹ orí ba, yóò máa gbóòórùn fìlà mi.

Nítorí náà mo bẹ̀ yín, Bàbá mi, ẹ má gùn ún kí ó tó mọ èyí. Bí kò bá sì tíì mọ̀ ọ́n di ọjọ́ ìwúyè, ẹ jẹ́ kí Ràímì fà á síwájú tòun ti gàárì, kí ẹ̀yin wà nínú mọ́tò lẹ́yìn rẹ̀. Ẹṣin ti bá yín lọ, oyè kò sì dín. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí oyè náà tù yín lára, kí ẹ pẹ́ lórí rẹ̀. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà.

Mo wá kéde rẹ̀ níwájú gbogbo agboolé: bí ẹni tí ń ka lẹ́tà yìí bá ti dákẹ́, Ràímì yóò mú ẹṣin wá sí àgbàlá. Bàbá yóò jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí àga, àwọn ọkùnrin ilé yóò máa dọ̀bálẹ̀ níkọ̀ọ̀kan láti ẹnu ìloro. Kí ẹni tí ó kéré jù bẹ̀rẹ̀.

Èmi ni, ọmọ yín,
Gàníyù.