Odò Tí Kò Kọjá Orúnkún

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọrọ kí yín lórí ilẹ̀ pákó yàrá mi, tó tutù bí ìdí àmù omi. Mo kí ẹ̀gbọ́n yín, bàbá wa tó gbà wá sílé ní Idoani nígbà tí a kò ní ibòmíràn, tó sì rán mi lọ sí ilé ìwé ní Ọ̀wọ̀ bí ẹni pé òun ló bí mi. Mo kí àwọn ìyàwó ilé. Mo kí gbogbo ará ìjọ tó ń fi orúkọ mi sínú àdúrà. Mo kí Bọ́sẹ̀dé àbúrò mi, tó ń ka ìwé yìí sí yín létí. Kì í ṣe ìwé àṣírí. Ẹ pe gbogbo ilé kí wọ́n wá gbọ́ ọ, nítorí níwájú gbogbo ilé ni mo ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ara mi le, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Òtútù ti ń dínkù díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n oòrùn ìlú òyìnbó níbí dà bí àlejò tí kò fẹ́ jókòó. Mo ṣì wà ní ilé ìṣẹ́ tí a ti ń fi irun àgùntàn ṣe òwú. Ariwo ẹ̀rọ ibẹ̀ pọ̀ débi pé ọwọ́ àti ètè ni a fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Òórùn ọ̀rá àgùntàn ti wọ aṣọ mi, kò jáde mọ́; ẹni tó bá pàdé mi lọ́nà á rò pé inú agbo ẹran ni mo sùn. Ṣùgbọ́n wọ́n ń san owó wa déédéé, ó sì dùn mọ́ mi nínú láti gbọ́ pé páànù tuntun ti wà lórí ilé ìdáná yín.

Bọ́sẹ̀dé sọ nǹkan mìíràn nínú lẹ́tà rẹ̀. Ó ní ní ọjọ́ ìdúpẹ́ ìkórè, ẹ dìde láàárín ìjọ, ẹ ní ẹ dúpẹ́ pé ọmọkùnrin yín kan ṣoṣo mú ẹ̀jẹ́ rẹ̀ ṣẹ, pé láti ọjọ́ tí odò Ọ̀sẹ̀ ti gbé bàbá rẹ̀ lọ, kò tún sún mọ́ odò mọ́. Ó ní gbogbo ìjọ ṣe Àmín. Ìyá mi, Àmín yẹn kò tọ́ sí mi. Mo ti lọ sí odò. Mo ti lọ léraléra láti ìgbà ooru wọn tó kọjá, mo sì ti fi ìwọ̀ pa ẹja.

Mo mọ̀ pé ẹ ti gbé ọwọ́ lé àyà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀, kí n sọ bó ṣe jẹ́.

N kò gbàgbé ọjọ́ náà. Ọjọ́ kẹjọ tí a sin Bàbá ni ẹ kó gbogbo ìgèrè tó fi ń pẹja jọ, tí ẹ dáná sun wọ́n, tí ẹ ní kí n gbé ọwọ́ lé Bíbélì, kí n jẹ́ ẹ̀jẹ́ náà. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí nígbà náà. Ẹ kò ní kí n má sunkún, ẹ kàn ní kí n wà láàyè. Mo wà láàyè, Ìyá mi, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ̀jẹ́ yẹn ló gbé mi kúrò ní abà etí odò, òun ló sọ mí di ọmọ ilé ìwé, òun náà ló gbé mi dé ibi tí mo wà lónìí.

Bàbá àgbàlagbà kan wà tí ẹ̀rọ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Áfì ni orúkọ rẹ̀, tọmọdé tàgbà ló sì ń pè é bẹ́ẹ̀. Ẹnu mi kò gbà á. Ẹni tó lè bí mi, kí n máa pè é lórúkọ bí ẹgbẹ́ mi? Ni mo bá ń pè é ní Pápá. Àwọn tó kù fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀kan bi í pé ìgbà wo ló lọ sí Áfíríkà tó fi bí ọmọ síbẹ̀. Pápá dá a lóhùn pé òun kò rántí dáadáa, pé ìrìn àjò náà ti yára jù. Ṣùgbọ́n mo rí i pé orúkọ náà dùn mọ́ ọn. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, wọn kò sì bímọ.

Ọjọ́ Àìkú ló ṣòro jù níbí. Bí a bá ti jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo ilẹ̀kùn á tì, kò sí ẹni tí o lè yà kí. Ní ọ̀sán Àìkú kan, Pápá bá mi lórí afárá níbi tí mo gbé ń wo omi. Ó ń lọ pẹja, ó ní kí a jọ lọ. Mo sọ fún un pé n kò gbọdọ̀ sún mọ́ odò, mo sì sọ ìdí rẹ̀. Ó ní kí n dúró sórí koríko, kí n kàn bá òun gbé àpò. Bí ẹ̀ṣẹ̀ ṣe máa ń wọlé nìyẹn. Á ní àpò lásán ni kí o bá òun gbé.

Odò ibí kò rí bí Ọ̀sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ ní àwọ̀, ó ń fi ẹja pa mọ́ fún ọ, ó sì ń fi ìwọ náà pa mọ́ fún ẹja. Èyí mọ́ bí omi inú ife. O lè ka òkúta ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn igi tẹ̀ bò ó níhìn-ín lọ́hùn-ún, ibi tó fẹ̀ jù níbẹ̀, ọmọkùnrin tó ní agbára á fò ó. Ẹja tó wà níbẹ̀, tíráòtù ni wọ́n ń pè é. Ara rẹ̀ ń dán bí idẹ, àmì pupa sì wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bí ẹni pé ẹnì kan fi orí ìka ta osùn sí i.

Lẹ́yìn ọjọ́ Àìkú mélòó kan tí mo ti ń gbé àpò, mo ra okùn àti ìwọ̀ tèmi láìsọ fún Pápá. Ohun tí mo rí Bàbá lò ni mo rà: okùn tó nípọn, ìwọ̀ tó lè gbé ẹja àrọ̀ ńlá, àti òjé tó tó ẹyin àparò tí yóò fa okùn sísàlẹ̀. Mo wọ ẹ̀wù funfun tí mo wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo dúró ṣánṣán sínú oòrùn létí odò, mo fi gbogbo agbára jù ú. Omi ró gbì. Gbogbo ẹja tó wà níbẹ̀ ló fọ́n ká. Pápá jókòó sórí koríko, ó rẹ́rìn-ín títí tó fi ń húkọ́. Ó bi mí pé ṣé ẹja ni mo wá pa ni tàbí màlúù.

Nígbà náà ló ṣí agolo rẹ̀ hàn mí, èyí tí tábà ti wà nínú rẹ̀ rí. Ìjẹ ẹ̀tàn ló kún inú rẹ̀, ìyẹn ìjẹ tí kì í ṣe oúnjẹ rárá. Ọ̀kan jẹ́ ewé idẹ kékeré tí kò ju èékánná àtàǹpàkò mi lọ, tó so mọ́ wáyà. Bí o bá ń fà á nínú omi, á máa yí, á máa kọ mànà, ẹja á rò pé ẹja kéékèèké kan ló ń sá lọ. Òmíràn jẹ́ bàbà tó ti dúdú. Òmíràn jẹ́ ìyẹ́ ọrùn àkùkọ tí wọ́n fi òwú dì mọ́ ìwọ̀ tín-ń-tín, kó lè jọ kòkòrò tó já sómi.

Ó kọ́ mi bí a ṣe ń yan èyí tó yẹ. Bí òjò bá rọ̀ tí omi sì dà bí tíì, idẹ tó ń dán ni kí n mú, kí ẹja lè rí i. Bí omi bá mọ́ tí oòrùn sì wà, kí n mú bàbà dúdú, èyí tó kéré jù, nítorí ohun tó bá tàn jù á dẹ́rù ba ẹja. Bí odò bá kún tó sì pọ́n, kí n fi gbogbo ìyẹn sílẹ̀, kí n wá ekòló lọ. Okùn gbọ́dọ̀ tín-ín-rín, ọ̀pá gbọ́dọ̀ kúrú nítorí ẹ̀ka igi. Ẹja máa ń kọjú sí ibi tí omi ti ń bọ̀, nítorí náà ẹ̀yìn ni a ti ń yọ́ lọ bá a, a ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, a ó ju ìjẹ sókè odò, a ó sì fà á wá kó fi díẹ̀ yára ju omi lọ. Bí kò bá yára ju omi lọ, kò ní yí. Bàbá máa ń sọ pé kí n wo omi kí n tó mú ìwọ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni Pápá ń sọ, ṣùgbọ́n ohùn Bàbá ni mo ń gbọ́.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ pa ẹja ni ìjà dé. Ẹ mọ ìṣe ilé wa: ẹja àkọ́kọ́ tí èèyàn bá pa nínú odò tí kò pẹja níbẹ̀ rí, kì í jẹ ẹ́. Àgbà ló máa ń fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún, kí àgbà náà gbàdúrà fún un. Mo kúnlẹ̀ lórí koríko tútù, mo gbé e fún Pápá. Pápá gbà á, ó fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n, ó sì dá a padà sínú omi. Ẹja lọ. Ẹ̀rù bà mí. Àgbà tó kọ ẹja àkọ́kọ́ rẹ, ó ti kọ ìwọ fúnra rẹ nìyẹn. Mo gbé àpò rẹ̀ sílẹ̀, mo dá rìn lọ sílé. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà, mo kí i ní àárọ̀, mo kí i ní ìrọ̀lẹ́, n kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó rò pé àìsàn ni, ó gbé ọbẹ̀ wá fún mi nínú ìkòkò tó fi aṣọ wé.

Nígbà tó yá, ó dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìṣẹ́, ó ní kí n sọ ohun tí òun ṣe. Mo sọ ọ́. Ó ní òfin ló wà, pé ẹja tí kò bá tó ìwọ̀n, a gbọ́dọ̀ dá a padà kó lọ dàgbà. Ó ní ká ní òun mọ̀ ni, òun ì bá kúkú gbà á, kí wọ́n wá ti òun mọ́lé.

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ó gbé agolo ìjẹ lé mi lọ́wọ́, ó ní òun kò ní sọ ohunkóhun, kí n fúnra mi yan èyí tó yẹ. Òjò ti rọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, omi ti ń là bọ̀, ṣùgbọ́n kò tíì mọ́ tán. Mo mú idẹ tó kéré jù. Ẹja tí mo pa gùn tó láti ìgúnpá mi dé ọrùn ọwọ́. Mo tún kúnlẹ̀. Pápá ṣí fìlà, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Kì í ṣe ẹni tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kò mọ ohun tí ì bá sọ. Ó wo omi títí, ó wá sọ pé: “Kí ìyá rẹ má sunkún nítorí omi mọ́.”

Ìyá mi, mo ṣe Àmín. Èyí ni Àmín tó tọ́ sí mi.

Kì í ṣe ẹja ló ń fà mí lọ síbẹ̀. Láti ọjọ́ tí Bàbá ti kú, bí mo bá ti rántí rẹ̀, omi pupa ni mo máa ń rí, àti igbe àwọn èèyàn. Létí odò kékeré yìí ni mo ti kọ́kọ́ rántí ẹ̀rín rẹ̀. Mo rántí ọjọ́ tó fi ẹja pamọ́ sábẹ́ fìlà, tó wọlé wá, tó ní òun kò rí nǹkan kan pa, tí ẹja sì já bọ́ síwájú yín nígbà tó dọ̀bálẹ̀ kí ìyá rẹ̀, tí ẹ fi ṣíbí ọbẹ̀ lé e yí àgbàlá ká. Ẹ ń rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Mo ti gbàgbé pé ẹ máa ń rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀.

Nígbà òtútù, wọ́n máa ń ti odò pa, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pẹja, kí ẹja lè yé ẹyin. Oṣù tó ń bọ̀ ni wọn yóò ṣí i. Pápá ti ra ọ̀pá kúkúrú kan fún mi, ó gbé e kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn rẹ̀. Mo sọ fún un pé n kò ní fọwọ́ kàn án títí èsì yín yóò fi dé. Ó ní kí n kọ ọ́ sí yín pé ibi tó jìn jù nínú odò náà kò kọjá orúnkún, pé bí ẹ bá fẹ́, òun á máa di bẹ́líìtì mi mú. Mo sọ fún un pé kì í ṣe jíjìn omi ni ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tí mo jẹ́ ẹ̀jẹ́ fún nìkan ló lè tú u. Bí ẹ bá ní kí n má lọ, n kò ní lọ, ẹ kò sì ní gbọ́ ìráhùn lẹ́nu mi. Ẹ dárí jì mí fún èyí tí mo ti lọ.

Ṣùgbọ́n yálà ẹ gbà tàbí ẹ kò gbà, ohun kan wà tí mo bẹ̀ yín fún. Láti ọjọ́ tí ẹ ti sun àwọn ìgèrè yẹn, a kì í dárúkọ Bàbá nílé mọ́. Ẹ jẹ́ kí a máa dárúkọ rẹ̀. Ọlágòkè ni orúkọ rẹ̀. Bọ́sẹ̀dé, ọmọ ọwọ́ ni ọ́ nígbà tó lọ. Bi Ìyá léèrè bó ṣe rí.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, Ìyá mi. Oúnjẹ ọmọ á pẹ́ lẹ́nu yín. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, ẹ kí àwọn ará wa láti Idogun tó bá yà kí yín lọ́jọ́ ọjà. Ayọ̀ la ó fi rí ara wa.

Èmi ni ọmọ yín,
Fọlọ́runṣọ́, ọmọ Ọlágòkè.