Ìbéèrè Bàámi ní Tábìlì Jẹ́jẹ́

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Kẹta

Olórí ẹ̀ka wa pè mí sí ọ́fíìsì. Ó ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi mọ gbogbo oríṣi ìbéèrè tí òǹkàwé lè gbé wá sí ilé-ìkàwé, wọ́n ń kà á lórí geerege, àmọ́ bí òǹkàwé bá dúró níwájú wọn gan-an, ńṣe ni wọ́n ń ranjú mọ́ ọn. Ó dùn mí. Òótọ́ ni, ìyẹn ló ṣe dùn mí. Gbogbo ọdún tí mo ti ń kọ́ni, èmi á kà, wọ́n á kọ. Bí wọ́n ṣe kọ́ èmi náà nìyẹn.

Nírọ̀lẹ́, Bàámi tún béèrè bóyá òjò ti ń rọ̀ nílé àwọn. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣubú nínú ṣọ́ọ̀bù káfíńtà wọn níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá ni wọ́n ti ń gbé lọ́dọ̀ mi. Ẹsẹ̀ tí wọ́n fi ṣèṣe ti san. Mo wo fóònù, mo ní kò rọ̀. Wọ́n ní ó dáa.

Ọjọ́rú, 6

Mo fi nóòtì sílé. Mo gbé tábìlì kan sáàárín kíláàsì: ẹnì kan á ṣe òǹkàwé, ẹnì kan á ṣe òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé. Òfin méjì péré. Ìbéèrè àkọ́kọ́ òǹkàwé kì í ṣe ìbéèrè rẹ̀ gan-an, nítorí náà ẹ bi í padà, kí ẹ sì dákẹ́ kó sọ̀rọ̀. Èkejì: ohun tí òǹkàwé bá bi yín, àárín yín ló kú sí.

Dídákẹ́ yẹn ni wọn ò lè ṣe. Òǹkàwé béèrè ìwé lórí ewúrẹ́ lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn tí mò ń pè ní Rédíò, ẹnu rẹ̀ kò tíì padé tó fi sáré lọ kó ìwé ìtọ́jú ẹran ọ̀sìn dé. Àṣé òfin ni òǹkàwé ń wá — ewúrẹ́ aládùúgbò ló jẹ ẹ̀fọ́ rẹ̀. A rẹ́rìn-ín títí.

Ọjọ́bọ̀, 7

Jẹ́jẹ́ — ọmọbìnrin ẹ̀yìn kíláàsì tí mi ò gbọ́ ohùn ẹ̀ dáadáa rí — bi ìbéèrè kan, ó dákẹ́. Àwọn yòókù ń yí lórí àga. Kò mira. Òǹkàwé ro gbogbo ọ̀rọ̀ náà látòkè délẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé oúnjẹ ọ̀sán.

Ọjọ́ Àìkú, 10

Bàámi béèrè òjò. Mo ní ó rọ̀ díẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 11

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti mọ ara wọn jù, àlejò ni wọ́n nílò. Mo bẹ Bàámi kí wọ́n wá ṣe òǹkàwé fún wa lọ́la. Wọ́n ní kí làwọn máa béèrè. Mo ní ohunkóhun tó bá wù wọ́n. Wọ́n wò mí títí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12

Bàámi dé fìlà tuntun. Kí wọ́n tó jókòó, wọ́n yẹ ẹsẹ̀ àga wò, wọ́n ní ẹni tó kàn án kò fẹ́ràn ẹni tó máa jókòó lé e. Jẹ́jẹ́ ló kàn. Mo dúró lọ́ọ̀ọ́kán, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Bàámi sọ̀rọ̀ díẹ̀. Jẹ́jẹ́ dákẹ́. Wọ́n tún sọ̀rọ̀, ó pẹ́ — wọ́n ṣí fìlà, wọ́n fi nu ojú. Ọjọ́ tí a sin Màámi nìkan ni mo ti rí ẹkún wọn rí.

Mo pe Jẹ́jẹ́ sí kọ̀rọ̀. Kí ni wọ́n béèrè? Ó wolẹ̀, ó ní kí n má bínú, èmi náà ni mo kọ́ àwọn pé àárín àwọn àti òǹkàwé ló kú sí. Mo ní bàbá mi ni. Ó ní, "Mo mọ̀, Mà."

Inú bí mi. Ẹ̀rù tún bà mí. Àbí àìsàn ni wọ́n ń fi pa mọ́ fún mi?

Ọjọ́rú, 13

Mo jókòó ti máàkì Jẹ́jẹ́ títí ife tíì mi fi tutù. Máàkì tó ga jù ni mo fún un. Ó dùn mí wọnú eegun, mo sì fún un.

Ọjọ́bọ̀, 14

Bàámi tún béèrè òjò. Mo ti mú fóònù kí n tó gbé e kalẹ̀. Alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan, ó lóhun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Ojoojúmọ́ ni mo sì ń gbọ́ òòlù yìí. Mo ní kí ló mú wọn béèrè. Mo dákẹ́.

Ó le o. Èmi tí mò ń fi Rédíò ṣe yẹ̀yẹ́. Mo fi eyín di ètè mú.

Wọ́n ní òrùlé ṣọ́ọ̀bù àwọn ń jò. Mo dákẹ́. Wọ́n ní pákó á ti máa jẹrà. Mo dákẹ́. Ó wá jáde: àwọn fẹ́ máa lọ sílé àwọn. Ìwé táwọn béèrè lọ́wọ́ ọmọ yẹn ni èyí tó lè kọ́ bàbá bó ṣe máa sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ tó ń tọ́jú rẹ̀ dáadáa, kó má baà pè é ní aláìmoore. Wọ́n ní Jẹ́jẹ́ sọ pé òun ò mọ irú ìwé bẹ́ẹ̀, pé ẹni tó lè dá wọn lóhùn wà nílé.

"Ilé ni àbọ̀ ìsinmi oko, ìyá mi," ni wọ́n wí. "Ilé ẹ dùn. Kì í kàn ṣe tèmi ni."

Ọ̀rọ̀ kún ẹnu mi — ẹsẹ̀ wọn, àtẹ̀gùn ilé yẹn, ta ló máa se oúnjẹ. Mo gbé e mì. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ kí n ṣe. Wọ́n ní kí n mú àwọn dé ibùdókọ̀, kí n má sì sunkún.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 23

Mo mú Bàámi dé ibùdókọ̀. Ìdajì ohun tí wọ́n ní kí n ṣe ni mo rí ṣe.